Àwọn Ère Igbó Ọ̀ṣun àti Omi Odò Wọn

Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà, ó ti di àṣà wa láti bèèrè bí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ti dán tó. Ìbéèrè yìí tọ́ fún ilẹ̀kùn ààfin tàbí òpó ilé. Ṣùgbọ́n kò tó fún àwọn ère inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítorí pé igbó náà àti odò rẹ̀ wà lára iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1950, ẹ̀sìn titun àti ìjọba titun ti dín agbára èèwọ̀ àtijọ́ kù: ojúbọ ń wó, olè ń jí ère gbé, wọ́n sì ti gé igi apá kan igbó náà láti fi dá oko. Nígbà náà ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí ó sì kú ní 2009, dìde pẹ̀lú àwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo láti tún ibẹ̀ ṣe. Adébísí Àkànjí, tí ó ti ṣe bíríkìlà rí, fi sìmẹ́ńtì mọ ère. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé sì gbẹ́ igi.

Àwọn kan wí pé sìmẹ́ńtì kò yẹ igbó. A gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ère igi ṣe é gbé sá lọ, ikán a sì máa jẹ ẹ́. Ta ni yóò gbé ère Ìyá Mọ́òpó sá lọ? Níbi tí irú ère bẹ́ẹ̀ bá dúró sí, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ta ilẹ̀ ibẹ̀. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005 àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Títí di òní, nǹkan bí hẹ́kítà 75 igbó ni ó wà níbẹ̀, bí ilé tilẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn. Àwa tí a kì í bọ Ọ̀ṣun pàápàá ní láti dúpẹ́ fún èyí.

Ṣùgbọ́n ògiri tí ń lé agbóko kò lè dá omi padà. Lókè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà ti ń wa wúrà, ẹrẹ̀ iṣẹ́ wọn sì ti sọ odò náà di pupa rúsúrúsú. Ní ọdún Ọ̀ṣun 2022, àwọn aláṣẹ kìlọ̀ fún èrò pé kí wọ́n má ṣe mu omi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ère kan kò sán, síbẹ̀ iṣẹ́ ọnà náà ti fọ́.

Àwọn àgbà wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà, ìdájọ́ wa ni èyí: ẹni tí ó bá ná owó lórí ère, tí kò sì bójú tó òkè odò, ìdajì iṣẹ́ ni ó tún ṣe. Kí àwọn tí ń kọ ìtàn ọnà wa máa kọ àwọ̀ omi náà sílẹ̀ lọ́dọọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn oníṣọ̀nà.