Ìrírí Kì í Ṣe Owó Ọ̀yà: Àyẹ̀wò Èrè Ilé Kíkọ́ nínú Eré Àjàbọ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Kò sí eré kan tí kò ní òfin èrè tirẹ̀. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ ayò tí a bá jẹ ni èrè; ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí a ń jẹ ni òpè. Nínú ìjàkadì, ẹ̀yìn ẹnìkejì tí ó kan ilẹ̀ ni èrè. Ohun tí eré bá ń sanwó fún ni ọwọ́ òṣèré yóò máa lọ sí. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí eré kan ń kọ́ ènìyàn, kí a má ṣe wo àwòrán rẹ̀ nìkan. Òfin èrè rẹ̀ ni kí a tú wò.

Irú eré kan wà lórí kọ̀ǹpútà lóde òní tí ó yẹ kí àwa tí a ń yẹ àṣà Yorùbá wò kíyè sí. A ó ju òṣèré sínú aginjù lọ́wọ́ òfo. Òun ni yóò gé igi, tí yóò wa òkúta, tí yóò rọ irinṣẹ́, tí yóò sì kọ́ ilé tí yóò fi ara pamọ́ sí kí ewu má baà pa á. Eré àjàbọ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Èyí tí a ó fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ wa ni 7 Days to Die, tí ilé-iṣẹ́ The Fun Pimps ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní òpin ọdún 2013, tí wọn kò sì pè é ní eré tí ó pé títí di ọdún 2024. Nínú eré náà ayé ti bàjẹ́, òkú sì ń rìn káàkiri. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ keje, òṣùpá a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn òkú a sì ya bo ilé òṣèré bí eṣú.

Kí ilé má baà wó ní alẹ́ yẹn, òṣèré ní láti máa mú un le sí i. Yóò sọ igi di òkúta, yóò sọ òkúta di kọnkéré, yóò sì sọ kọnkéré di irin. Bí ó bá ti sọ búlọ́ọ̀kù kan di èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré náà yóò kọ iye kan sí i lọ́rùn. Máàkì ìrírí ni ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn Òyìnbó sọ iye yìí. Bí máàkì bá pọ̀ tó, òṣèré a gòkè sí ipele mìíràn, a sì rí ohun tí yóò fi ra agbára tuntun. Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa san ìrírí fún ẹni tí ń kọ́lé bí ìgbà tí a ń san owó ọ̀yà fún alágbàṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún aṣọ̀fin ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ eré, apànìyàn nìkan ni ó ń jèrè. Ẹ wo Minecraft, tí àwọn ará Swídìn ṣe, tí ó jáde ní pípé ní 2011. Ẹni tí ó bá pa abàmì ẹ̀dá níbẹ̀ yóò gba ìrírí. Ẹni tí ó wa èédú tàbí dáyámọ́ńdì yóò gbà. Ẹni tí ó pẹja yóò gbà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi oṣù mẹ́ta to ààfin kan láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé kò ní gba ẹyọ kan nítorí búlọ́ọ̀kù tí ó tò. A lè sọ pé ààfin náà ni èrè rẹ̀, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, nínú eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe, tí ọ̀kan ń jà lóde tí èkejì ń tún odi ṣe nílé, bí jagunjagun nìkan bá ń gòkè, a ti sọ mọlémọlé di ẹrú rẹ̀. Èyí ni 7 Days to Die kọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Níbo wá ni àbùkù wà? Ó wà nínú ohun tí a ń kà. Iye ìgbà tí òṣèré mú búlọ́ọ̀kù le ni eré náà ń kà. Kò bèèrè bóyá ògiri náà wúlò. Ẹni tí ó bá to igi sí àárín pápá níbi tí òkú kankan kò ní gbà, tí ó sọ ọ́ di òkúta, yóò gba máàkì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Eré yìí ń sanwó fún ògiri, ṣùgbọ́n kò wo ibi tí ó ti lanu.

Àwọn tí ó ṣe é pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yí òfin ìmọ̀ padà. Ṣáájú 2018, ohun tí òṣèré bá ń ṣe ni yóò máa mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Òfin yìí jọ ìwà oníṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣèré a jókòó, wọn a máa rọ àáké olókùúta lọ rẹpẹtẹ, kì í ṣe láti fi gé igi, bí kò ṣe kí iye wọn lè gòkè. Ní 2018, a fi máàkì ìrírí gbogbogbòò rọ́pò rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó pa òkú fi lè fi èrè rẹ̀ ra ìmọ̀ iṣẹ́ tí kò fi ọwọ́ kàn rí. Ní 2023, a tún un yí: ìwé àtìgbàdégbà tí òṣèré bá rí kó nínú àwókù ilé tí ó sì kà ni ó ń jẹ́ kí ó mọ nǹkan rọ. Òfin kìíní ní ọwọ́ ni ìmọ̀ ti ń wá. Èkejì ní a lè fi owó rà á. Ẹ̀kẹta ní inú ìwé ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n tiwa wọn ọ̀ràn yìí. Ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí igbá fífín ti lókìkí, ọmọ iṣẹ́ náà a máa tún ohun kan ṣe títí, bí òṣèré tí ń rọ àáké. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà tí kò sí nínú eré: igbá tí yóò bàjẹ́ bí ọ̀bẹ bá yọ̀, ojú ọ̀gá tí ń wò ó, àti oníbàárà tí ó lè kọ̀ ọ́. Ọdún àdéhùn lè pé, a sì lè ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ó bá ṣe lẹ́yìn náà ni yóò sọ orúkọ tí yóò jẹ́ ní ìlú. Kò sí ẹni tí ó ń ka ilà tí ó fín.

Ti odi ìlú tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin 1830 sí 1840, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Àtìbà tẹ̀ ẹ́ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ibẹ̀ ni ó di Ọ̀yọ́ òde òní. Ní sáà ogun náà ni àwọn ènìyàn láti ọ̀pọ̀ ìlú tí ó fọ́ sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìlú náà sì gbòòrò. Ogun Ìlọrin kò sì rí i kó. Àjàbọ́ gidi ni èyí. Odi amọ̀ àti yàrà ni ààbò ìlú nígbà náà. Amọ̀ tí a wà nínú yàrà ni a fi ń mọ odi, tí iṣẹ́ kan fi di ààbò méjì. Bí a bá mọ ẹsẹ̀ kan, yóò gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, tirẹ̀ yóò wó. Bí òjò bá sì ti wẹ̀ ẹ́, a ó tún un rẹ́. Kí ni èrè àwọn tí ó mọ odi wọ̀nyí? Èrè wọn ni pé ilẹ̀ mọ́ bá wọn nílé. Ohun tí ojú wọn rí lórí odi náà ní ọjọ́ ogun ni ìrírí wọn; ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ìrírí.

Eré kan wà tí ó súnmọ́ òye yìí. Valheim ni, láti Swídìn bákan náà, tí ó jáde ní 2021. Ilé fúnra rẹ̀ ni ó ń san èrè níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sinmi lábẹ́ òrùlé, nídìí iná, láàrin ohun ọ̀ṣọ́ ilé, yóò jáde pẹ̀lú ara yíyá, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì tètè mọ iṣẹ́. Bí ilé bá ṣe tura tó ni àǹfààní náà ṣe ń pẹ́ tó. Àga mẹ́wàá kò sì ju ẹyọ kan tí ó dára jù lọ nínú wọn, nítorí pé eré náà kò ka ọ̀pọ̀. Bí òpó kò bá gbé àjà, àjà yóò já. Bí èéfín kò bá ní ọ̀nà àbájáde, yóò pa onílé. Kò sí ẹni tí ó ní láti fún òṣèré ní máàkì kí ó tó mọ̀ pé òun ti kọ́ ọgbọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé bí a bá fi èrè dúró de òwúrọ̀ lẹ́yìn ogun, òpè tí odi rẹ̀ wó kò ní rí nǹkan kan, yóò sì fi eré sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú, nítorí ọ̀gá kì í fi ebi pa ọmọ iṣẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdájọ́ wa ni pé kí a pín èrè náà sí méjì. Kí a fi díẹ̀ san iṣẹ́ ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí òpè má baà sọ ìrètí nù. Kí a fi èyí tí ó pọ̀ jù dúró de ìdánwò: ògiri tí òkú kọlù tí kò wó ni kí a san án fún. Bí èyí tí ó wó bá fi ibi tí ó ti lanu han onílé, ìrírí ni èyí náà, kí a sì kà á sí i.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti eré lásán. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tí a dá sílẹ̀ ní 1990, a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn kan nínú irú wọn ni yóò ṣe eré tí àwọn ọmọ wa yóò máa ṣe. Bí wọ́n bá gbé òfin kíkà wá sílé láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò kọ́ ọmọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ni ó gbọ́n jù. Ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀yà tán lọ́jọ́ tí a gbà á. Ìrírí kò ṣe é gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi kí iṣẹ́ ẹni dúró kí a sì rí i.