Awọ Bàálù Dúdú

Bí ọ̀rọ̀ SR-71, bàálù amí tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà lò nígbà kan rí, bá délẹ̀, eré rẹ̀ làwọn èèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Eré náà kì í ṣe kékeré lóòótọ́: ó ju ìlọ́po mẹ́ta eré ohùn lọ, lókè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 85,000. Ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ni èmi kì í lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo àwòrán apá rẹ̀ dáadáa, kò dán pẹrẹsẹ. Ìlà tò sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, bíi páànù tí a fi ń kan òrùlé.

Eré yẹn ló fà á. Nígbà tó bá ń já afẹ́fẹ́ kọjá, awọ rẹ̀ máa ń gbóná ju 250 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, irin tó bá sì gbóná gbọ́dọ̀ fẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ kọ́kọ́ dán awọ tó tẹ́jú wò nínú ooru, ó hunjọ. Ìgbà tí wọ́n fa ìlà sí i ni fífẹ̀ náà tó ríbi gbà: àwọn ìlà ọ̀hún á kàn jìn sí i díẹ̀, apá á sì dúró bó ṣe wà.

Ọgbà iṣẹ́ Lockheed ní Burbank, ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n ti ṣe é, Kelly Johnson sì ni ọ̀gá wọn. Òun náà ló kọ́ bàálù amí U-2 tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1955, èyí tó gbójú lé gíga nìkan. Mísáìlì Sófíẹ̀tì bá U-2 tí Francis Gary Powers ń wà lókè ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà ni Johnson ti mọ̀ pé gíga nìkan kò ní pẹ́ gbà wọ́n. Eré ló kù. Eré sì ń béèrè titanium, irin tó lè fara da ooru náà.

Titanium kì í gba ìgbàkugbà. Orí bóòtì ń já bọ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán; wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé cadmium tí wọ́n fi bo ara àwọn spánà ló ń ràn mọ́ bóòtì, ló ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Ni wọ́n bá tú gbogbo àpótí irinṣẹ́, wọ́n kó irú spánà bẹ́ẹ̀ dànù. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti apá. Àwọn irin apá tí wọ́n jó pọ̀ nígbà òtútù ń tọ́jọ́, àwọn tí wọ́n jó pọ̀ nígbà ooru ń tètè bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Omi ni! Nígbà ooru, ìlú Burbank máa ń da klórìn púpọ̀ sómi ẹ̀rọ kí èéhọ̀ má bàa hù sínú rẹ̀, omi ọ̀hún ni wọ́n sì fi ń fọ irin. Wọ́n pa á tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi mímọ́ gaara, irú èyí tí àwọn rewáyà ń dà sí bátìrì.

Ẹ ronú sí i ná. Ta ló máa fura sí omi ẹ̀rọ, bí kò bá kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan irin sílẹ̀? Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń kọ ìhà tí àwọn fọ́nrán inú irin kọ̀ọ̀kan dojú kọ.

Ọwọ́ kan náà ló ṣe D-21, bàálù aláìláwakọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn M-21, bàálù mìíràn tó jọ SR-71. Ní oṣù Keje ọdún 1966, ó kọlu èyí tó gbé e bó ṣe ń gbéra, Ray Torick, ọ̀kan lára àwọn tó wà nínú M-21, sì kú sómi òkun.

Láti ìgbà náà títí di MQ-28 Ghost Bat, bàálù aláìláwakọ̀ mìíràn tí Boeing kọ́kọ́ gbé fò ní Australia lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, ọ̀nà jìn. Alábàárìn lòun jẹ́: ó ń bá bàálù tó ní awakọ̀ rìn, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti fò ó ní àìmọye ìgbà kó tó rí òfuurufú. Ojú kò lè rí ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ṣeé yọ, kí wọ́n fi òmíràn tó gbé irinṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ojú oríkèé yẹn ni kí ẹ wò: ohun tó gbọ́dọ̀ tètè tú nílẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ mì rárá lókè.