Nọ́ńbà Tó Ń Mú Àlejò Délé

Ẹni tó bá ń júwe ilé rẹ̀ fún àlejò ní Ogunu, ní Warri, kì í fi í mọ sórí nọ́ńbà. Á dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, á mẹ́nu ba géètì dúdú, á ní, "Tí o bá ti dé ibẹ̀, pè mí." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri ìlú wa. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àwọn tó fún FESTAC Town ní nọ́ńbà, l'Ékòó, fi wù mí púpọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú yìí fún àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú lọ́dún 1977. Wọ́n fi nọ́ńbà sọ àwọn ọ̀nà ńlá lórúkọ, láti First Avenue dé Seventh Avenue. Ibi tí ọgbọ́n wà ni àwọn ọ̀nà tó yà lára wọn. Ọmọ kọ ilà ìyá rẹ̀ sójú: 21 Road, 22 Road, 23 àti 24, ti Second Avenue ni wọ́n, 401 Road, ti Fourth, 511 àti 512, ti Fifth. Ẹni tó gbọ́ 72 Road ti mọ̀ pé Seventh Avenue lòun ń lọ kó tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn òpópónà kéékèèké tí kò já síbì kankan, tí wọ́n ń pè ní Close, wá ń jẹ́ lẹ́tà. Ẹ gbé "H Close, 24 Road" yẹ̀ wò, kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Eéjì inú 24 á gbé yín dé Second Avenue, ẹẹ́rin á sọ ibi tí ẹ ó ti yà, H á mú yín wọlé. Nọ́ńbà ilé á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan nínú Close kọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ àgbà jù. Ní òpópónà wa gbogbo, tí bàbá bá pín ilẹ̀ fọ́mọ, 14 á di 14A, 14B, títí tí òǹkà á fi dàrú. Ní FESTAC, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní A Close kò kan B Close rárá.

Ẹnubodè pàápàá gba nọ́ńbà: "First Gate!" "Second Gate!" ni kọ́ńdọ́ ń ké lójú ọ̀nà Badagry.

Lẹ́yìn àjọ̀dún, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló gba àwọn ilé náà. Yorùbá, Ígbò, Urhobo, gbogbo wọn ló ń pe Twenty-One Road bákan náà, tó sì ń yé awakọ̀.