Àdàpè nínú Ìpolówó Páàdì

Nínú èdè Yorùbá, ‘nǹkan oṣù’ jẹ́ àdàpè tí ó ń fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kò sọ òtítọ́ nù, nítorí pé oṣù náà ṣì wà nínú rẹ̀. Àdàpè ti ìpolówó ọjà yàtọ̀ gedegbe. Ní 1985 ni ọ̀rọ̀ náà gan-an kọ́kọ́ jáde nínú ìpolówó Tampax lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Omi búlúù ni wọ́n sì fi ń ṣojú ẹ̀jẹ̀, títí Bodyform fi lo omi pupa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017. Iṣẹ́ kan náà ni láílọ́ọ̀nù dúdú tí àwọn oníṣòwò fi ń di páàdì ń ṣe, láti Èkó títí dé Òrè àti Odígbó: ó sọ ohun ọ̀wọ̀ di ohun ìtìjú. Òfin Ìṣúná 2019 yọ owó-orí ọjà kúrò lórí páàdì tí a ṣe ní Nàìjíríà. Nígbà tí òfin ti dárúkọ rẹ̀, kò yẹ kí ọmọdébìnrin tí ó fẹ́ rà á máa wolẹ̀.