Rédíò Kì í Ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì Mọ́

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì ń kọ́ àwọn agbẹnusọ iléeṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè lórí rédíò. Ó fi ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní kí agbẹnusọ mú kókó mẹ́ta péré dání, kó lo gbólóhùn kúkúrú, kó má kánjú. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò lè ṣí ojú ìwé padà sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ kẹrin ni mi ò fara mọ́: bí ìbéèrè bá le, kó fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́, kó padà sórí kókó tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fa wáyà rédíò káàkiri Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí ara ògiri ló ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì bá a mu nígbà náà. Ṣùgbọ́n lónìí, fóònù ti dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, atọ́kùn ètò bi agbẹnusọ iléeṣẹ́ kan pé ọjọ́ wo ni omi ẹ̀rọ máa yọ. Ó ní, "Ire aráàlú ló jẹ wá lógún." Wọ́n tún bi í, ó tún un sọ. Nígbà tí wọ́n ṣí fóònù, ìyá kan wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣé ire yẹn ni ká fi tẹ ẹ̀bà lálẹ́ òní?" Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ wò ó, "ọjọ́ wo" ṣí àyè kan sílẹ̀ nínú gbólóhùn, ọjọ́ nìkan ló lè dí i. Bí a kò bá ní ọjọ́, "mi ò tíì mọ̀, mo máa wádìí" sàn ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Àmọ́ "mi ò mọ̀" náà ní ibi tó mọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2012, George Entwistle, ọ̀gá àgbà BBC, dáhùn ìbéèrè John Humphrys lórí rédíò iléeṣẹ́ tirẹ̀. Ètò Newsnight kan ló fà á, tó jẹ́ kí àwọn èèyàn nàka sí aláìṣẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò wo ètò náà nígbà tó jáde, òun kò sì ka ìwé ìròyìn tó tú àṣìṣe náà síta lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò tíì pé oṣù méjì lórí oyè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kì í ṣe ẹnu ló dà á. Kò béèrè tó kó tó wá ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, yọ ẹ̀kọ́ kẹrin kúrò. Fi èyí dípò rẹ̀: kí agbẹnusọ kọ́kọ́ tọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an lọ, kó bi wọ́n ní ohun tí ìyá ẹlẹ́bà máa bi í. Ẹni tí kò gba èsì níbi iṣẹ́ kò lè ní èsì fún aráàlú.

Tún un kọ, kó o fi ránṣẹ́ padà. Bírò pupa mi ṣì ń yọ.