Àparò Orí Ebè: Òwe Ọ̀dàn Lẹ́nu Ará Ìgboro Ìbàdàn

Òwe kan kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Beyerunka: àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ó bá ètò oyè Ìbàdàn mu rẹ́gí, nítorí pé oyè ìlú náà kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo. Láti ipò Mọ́gàjí ni olóyè ti ń gùn ún ní ìpele-ìpele títí ó fi lè di Olúbàdàn. Bí àwọn lámèyítọ́ bá dé ìdí òwe yìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń wí ni pé ó ń kọ́ni ní ìdọ́gba ọmọ ènìyàn, pé àǹfààní ni ó ń gbé ẹnì kan ga ju ẹnìkejì lọ. Ìtumọ̀ náà kò burú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ti pa àparò kí ó tó ké rárá: ẹyẹ ti di ènìyàn, ebè ti di àǹfààní, oko sì ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ àká ìmọ̀ ni àwọn òwe àparò, ìmọ̀ nípa bí ẹyẹ kan ṣe ń gbé lórí ilẹ̀ kan. Ẹni tí kò bá ka ìmọ̀ náà kò tíì ka òwe náà tán.

Àparò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Pternistis bicalcaratus. Carl Linnaeus ni ó fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1766, inú ẹ̀yà Tetrao ni ó sì kọ́kọ́ fi í sí, ìyẹn ẹ̀yà àwọn ẹyẹ grouse ilẹ̀ olótùútù. Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́, nítorí pé ẹbí kan náà ni grouse, àparò àti adìẹ ilé. Ṣùgbọ́n kò sí grouse nínú ẹyẹ ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ grouse, kò sì ní ẹ̀gún ìjà. Akọ àparò ní tirẹ̀ máa ń ní ẹ̀gún méjì lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ àkùkọ. Òun gan-an ni bicalcaratus túmọ̀ sí. Ẹni tó sọ ẹyẹ náà lórúkọ fi ojú ẹyẹ ìlú tirẹ̀ wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń túmọ̀ òwe Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi partridge dípò àparò, tí ẹyẹ pápá òkè òkun a sì gun orí ebè tí kò mọ̀ rí.

Àparò kì í jìnnà sí ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí, láàárín koríko. Ilẹ̀ ni ó ti ń ṣa èso koríko, ọkà, ẹ̀pà àti kòkòrò jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń fi sá kí ó tó rántí pé òun ní apá. Akọ àti abo jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi tètè lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ìlàjì àkọ́kọ́ òwe náà kì í kàn ṣe ìdájọ́ lórí ìwà ènìyàn. Ohun tí ojú àgbẹ̀ rí ni. Ìlàjì kejì tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, àparò máa ń wá ibi tó ga díẹ̀, bí orí ebè tàbí òkìtì ikán, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ké kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé àyíká náà ní olúwa. Ẹyẹ orí ebè kò gùn ún lásán. Ó ń ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ara rẹ̀ han ọdẹ. Gíga tí òwe náà ń sọ, gíga tó léwu ni. Olóyè tí wọ́n bá pa á fún ní agbo ẹbí lè rò pé wọ́n kàn fẹ́ rẹ òun sílẹ̀ ni, kí ó má mọ̀ pé ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀.

Òwe kejì fi èyí hàn kedere: ènìyàn bí àparò ni ayé ń fẹ́. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ayé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wọ aṣọ tó dára. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ pọ́n bí ìyẹ́ àparò ni wọ́n lè fara mọ́. Ìráhùn lórí ìlara ni, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ pípọ́n yìí ni ẹ̀mí ẹyẹ náà rọ̀ mọ́. Bí àṣá bá ń rá bàbà lókè, àparò a lúgọ sórí ilẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì dàpọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ. Bí a bá gbé òwe méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àríyànjiyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe: ṣé kí ènìyàn fara pamọ́ kí ó yè, tàbí kí ó gun orí ebè kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀? Ìwé àkójọ òwe tó bá tẹ̀lé ètò ábídí yóò gbé wọn jìnnà síra, ọ̀kan lábẹ́ a, ìkejì lábẹ́ e, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ pé oko kan náà ni wọ́n ti wá.

Oko wo? Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé láti ara Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni orúkọ Ìbàdàn ti wá, ibi tí igbó àti koríko ti pàdé. Ilẹ̀ àparò gan-an nìyẹn. Ará ìlú àtijọ́ ní agboolé ní ìgboro, ó ní oko etílé, ó sì lè ní oko ẹgàn lọ́nà jíjìn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ròyìn Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, ẹni tí orúkọ Ọjà'ba so mọ́, gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tó tún jẹ́ àgbẹ̀ ńlá. Ọkọ́ irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó tún ilé àparò kọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó sinmi di ibi ìyẹ́yin. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ ebè sí di ibi oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, oko etílé ṣì yí ìlú ká. Ilé ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Òwe sì dúró ní ìgboro, láàárín páànù àti ọ̀dà, níbi tí ọmọ tó ń gbọ́ ọ kò rí ebè, kò sì rí àparò.

Lítíréṣọ̀ àti lámèyítọ́ wà nínú ẹ̀bi pípòórá yìí. Láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, tí Igbó Olódùmarè sì tẹ̀lé e ní 1949, igbó ni ó ti gba ojú àwọn onímọ̀: igbó iwin, igbó àdánwò, igbó ìjìnlẹ̀. Ọ̀dàn àti oko etílé kò ní iwin tó pọ̀, nítorí náà wọn kò ní àpilẹ̀kọ tó pọ̀. Àwọn tó wá ń ka lítíréṣọ̀ nípa àyíká lóde òní tún ní àṣejù tiwọn: wọn a ní ìjálá ń dáàbò bo ẹranko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, fi hàn pé ẹranko àti ẹyẹ ní oríkì lẹ́nu ọdẹ. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó ń ki ẹran kì í fi bò pé ẹran náà dùn lọ́bẹ̀. Ohun tó wà nínú ìjálá ni ìfiyèsí, ìfiyèsí kì í sì í ṣe òfin. Ní Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ẹran Ọdẹ ti 1831 ti dá ọjọ́ fún pípa grouse, láti 12 Oṣù Kẹjọ sí 10 Oṣù Kejìlá, nítorí adùn ọdẹ àwọn ọlọ́lá ju nítorí ẹyẹ lọ. Bí wọ́n ṣe ń dáná sun igbó kúkúrú orí òkè kí ewé tútù lè hù fún grouse jọ ohun tí ilẹ̀ ìsinmi àgbẹ̀ ń ṣe fún àparò, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò ní in lọ́kàn. Láti ka ohun tí a kò ní lọ́kàn bí ẹni pé ìlànà ni, oríyìn tí kò tọ́ ni.

Kò sí ewu ìparun lórí irú àparò yìí káàkiri ayé lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka rẹ̀ tó dá wà ní Mòrókò ti di ọ̀wọ́n nítorí ọdẹ àti bíba ibùgbé rẹ̀ jẹ́. Ẹyẹ tí orúkọ Ìbàdàn wà lára rẹ̀ gan-an, Malimbus ibadanensis tí Elgood ṣàpèjúwe ní 1958, ni àwọn onímọ̀ ń ṣàníyàn lé lórí, igbó inú ọgbà IITA sì wà lára ibi tí ó ti rí ààbò. Ẹyẹ igi ni. Ó jọ pé ìdáàbòbò náà, bíi lámèyítọ́, igbó ni ó fẹ́ràn. Ẹyẹ ọ̀dàn lè kúrò ní àyíká ìlú kan láìjẹ́ pé ó kúrò láyé, kò sì sí ìwé tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ kan àwọn onímọ̀ Yorùbá nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba òwe sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ sábà máa ń béèrè ìtumọ̀ àti ìlò. Bí ó bá tún béèrè níbo ni àgbà náà ti rí àparò gbẹ̀yìn, lórí oko ta ni, ní àkókò wo nínú ọdún, àti kí ni ilẹ̀ náà ti dà, àkójọ òwe rẹ̀ yóò wúlò fún onímọ̀ ẹyẹ pẹ̀lú. Àwọn tó tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí oko etílé kí ilé tó gbà á ṣì wà ní àwọn agboolé Màpó àti Beyerunka. Wọn kò pọ̀ mọ́, ọjọ́ orí wọn sì ti ga.