Hurricane Tàkóràdí Láti Inú Páálí

Láti orí ìyẹ́ kan dé èkejì, àwòṣe bàálù Hurricane tí mo tò ní Treichville, nílùú Abidjan yìí, gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25.4. Ti bàálù gidi jẹ́ mítà 12.19, ìyẹn ni pé èyí jẹ́ ìdá kan nínú 48 rẹ̀. Inú páálí ló wà nígbà tó dé, ike wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni bàálù ogun gidi ṣe dé ẹkùn wa yìí. Nígbà tí Ítálì wọ Ogun Hítílà ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, Òkun Mẹditaréníà di ọ̀nà ewu fún ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ sí Íjíbítì. Wọ́n wá ń di Hurricane sínú àpótí pákó ńláńlá, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Tàkóràdí, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já àpótí, tí wọ́n ń so ìyẹ́ mọ́ ara, tí wọ́n sì ń dán ẹ́ńjìnnì wò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra: Hurricane mẹ́fà, pẹ̀lú bàálù Blenheim kan tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Wọ́n gba Èkó, Kánò, Maiduguri àti Khartoum dé Cairo, ìrìn tó tó 6,000 kìlómítà. Kí ogun tó parí, bàálù tó gba ọ̀nà yìí lé ní 5,000. Tàkóràdí kò jìnnà sí Abidjan, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tó ti túúbá fún Jámánì, ni Abidjan wà nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń to Hurricane nítorí ìjà ojú òfuurufú. Ní tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó tò ó ní Tàkóràdí ni mo ń bọlá fún.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1935 tí Hurricane tí Sydney Camm yàwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ fò, irin ti ń gba ipò aṣọ lára bàálù. Síbẹ̀, láti ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ dé ìdí ìrù, aṣọ ni wọ́n nà lé egungun onígi. Egungun wọ̀nyẹn hàn lára ike náà, wọ́n sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ọ̀dà bá ki jù, ó bò wọ́n. Mo fi omi là á, mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, mo dúró kó gbẹ, kí n tó tún un kùn. Ní oṣù Kẹfà tí òjò Abidjan kì í dá, ìdúró yẹn lè pẹ́ gan-an. Àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé ṣíṣú ni mo lò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kùn wọ́n wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ iyanrìn rọ́pò àwọ̀ ewé, nítorí aṣálẹ̀ kò ní igbó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni asẹ́ eruku tó wú sábẹ́ imú rẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fi obì sẹ́nu. Ó ń dín eré bàálù kù, àwọn kan sì ní ó ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. N kò gbà. Ẹni tó bá ti rí ọyẹ́ Kánò rí yóò mọ ohun tí eruku ìhà ibẹ̀ lè fi ẹ́ńjìnnì ṣe.

Àmì roboto àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù, ń fẹ́ sùúrù. Inú omi ni mo ti rẹ ẹ́, mo fi ẹ̀mú irú èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Adjamé ń lò gbé e sí àyè rẹ̀, mo sì ń fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi lẹ̀ mọ́ egungun abẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń to àwòṣe fẹ́ràn láti ha ọ̀dà kí bàálù lè dà bí èyí tó ti gbó sójú ogun. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àpótí ni, kò yẹ kó gbó. Èéfín díẹ̀ ni mo fi sí ẹnu ihò ẹ́ńjìnnì, nítorí wọ́n ti dán an wò, mo sì fi ìyẹ̀pẹ̀ pupa tí mo lọ̀ kúnná ra táyà rẹ̀. Lẹ́tà ẹgbẹ́ ọmọ ogun kankan kò sí lára rẹ̀. Ní Tàkóràdí, wọn kò tíì pín in fún ẹgbẹ́ kankan.